Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Àbúrò mi, bí ènìyàn bá pẹ́ díẹ̀ láyé, yóò ṣàkíyèsí pé ohun tí ọmọ aráyé fi ń ṣe fújà kì í pẹ́ yí padà, ṣùgbọ́n fújà fúnra rẹ̀ kì í kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé etí omi Blackwater ní Essex, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, idẹ ni àwọn tó ní ọkọ̀ onígbòkun fi ń yangàn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá ti mọ́ báyìí, wàá rí àgbà ọkùnrin, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó kúnlẹ̀ sórí ọkọ̀, tó ń fi àkísà nu idẹ ní ànutúnnu, tó ń mí sí i, tó tún ń nu ún, títí oòrùn Gẹ̀ẹ́sì tí kò lágbára yẹn pàápàá yóò fi máa tàn yanran lára rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, idẹ di ti àwọn baba wọn, fáníìṣì ló kù. Bí o kò bá kùn ún ní ìpele-ìpele, wọn ò kà ọ́ kún ènìyàn. Lẹ́yìn fáníìṣì ni rédíò, lẹ́yìn rédíò ni rédà, lẹ́yìn rédà ni àwọn ojú díńgí kéékèèké tó ń sọ fún ọ ibi tí o wà, bí omi ṣe jìn tó lábẹ́ rẹ, àti apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, bí ẹni pé Ọlọ́run kò dá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọ. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Owó ẹni là ń ná bó ṣe wu ni. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín kò ju ẹyọ kan lọ: láti ayé idẹ títí dé ayé rédà, n kò rí ọdún kan tí àṣà tó lòde jẹ́ pé kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀ rẹ̀, kó ṣí pákó tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kó tan iná síbẹ̀, kó sì bi ara rẹ̀ pé, kí tilẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ yìí dojú dé?

Ọkọ̀ tí àwọn Ìlàjẹ fi ń pẹja nílé wa kò nílò irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀; abẹ́ rẹ̀ lọ gbọọrọ, kò sí ẹrù kankan tí a so rọ̀ síbẹ̀ tó lè já bọ́. Ti àwọn Òyìnbó yìí ló yàtọ̀. Òpó gíga ló wà lórí rẹ̀, aṣọ ìgbòkun ràgàjì ló wà lára òpó, atẹ́gùn a sì máa ti aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti àárọ̀ dalẹ́. Bí kò bá sí ohun tó wúwo nísàlẹ̀ tó ń fà á padà, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi lélẹ̀. Ohun tó wúwo yẹn ni wọ́n ń pè ní kíìlì: òjé, tàbí irin tí wọ́n yọ́ dà, tó máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìwúwo ọkọ̀, nígbà mìíràn tó tilẹ̀ ń súnmọ́ ìdajì. Kí ló wá so ẹrù tó tó báyìí mọ́ ìdí ọkọ̀? Kì í ṣe àdúrà. Bóòtù ni, ìwọ̀nba bóòtù gígùn mélòó kan, tó gba inú kíìlì gòkè, tó gba inú igi tàbí fáíbà tó jẹ́ ìdí ọkọ̀ kọjá, tó sì yọrí sínú ikùn ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti fi wáṣà àti nọ́ọ̀tù dè é pa. Ó tán. Gbogbo idẹ, gbogbo fáníìṣì, gbogbo rédà, títí kan ìyàwó àti ọmọ tó jókòó lókè tí wọ́n ń mu tíì, irin tó ń gbé inú òkùnkùn yẹn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ká ní orí bóòtù ló ti ń dógùn-ún ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ojú á rí i, ọwọ́ á tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ojú oríkèé, níbi tí kíìlì àti ìdí ọkọ̀ ti fẹnu kora, ibẹ̀ ni omi iyọ̀ máa ń bá wọlé díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì jókòó ti bóòtù ní agbede méjì ara rẹ̀, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé àfi bí a bá fà á yọ. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi igi óákù kàn, ìyà náà di méjì, nítorí omi kíkan tó wà nínú óákù a máa jẹ irin, irin náà a sì máa ba igi jẹ́ padà, tí igi tó yí bóòtù ká yóò fi dúdú, tí yóò sì rọ̀. Àwọn méjèèjì á máa pa ara wọn lọ láìpariwo, ara ọkọ̀ níta á sì máa dán. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Nígbà mìíràn ọkọ̀ a tilẹ̀ fúnni ní àmì. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Catalina, tí owó rẹ̀ kò ga, tó sì gbajúmọ̀ gidi láti àwọn ọdún 1970. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú Catalina 27, irin lásán ni wọ́n fi ṣe bóòtù wọn. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dàgbà, ìlà kan a máa là níwájú ibi tí kíìlì ti pàdé ara ọkọ̀. Àwọn tó ni ín bá sọ ìlà náà ní ẹ̀rín Catalina. Ọmọ aráyé! Ara ọkọ̀ ń là, wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín. Wọn a rẹ́ ojú ibẹ̀, wọn a kun ọ̀dà sí i, wọn a gbé e padà sómi; bó bá di ọdún tó ń bọ̀, á tún rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìwà bóòtù kò sì ṣòro láti sọ. Àwọn kan a máa fi òòlù kékeré kan orí rẹ̀, wọ́n ní èyí tó bá dún gooro ló yè, èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú ni òun náà ti kú. Òòlù lóhun tó ń wí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í wí i tán. Àwọn mìíràn a gbé ẹ̀rọ X-ray wá, irú èyí tí wọ́n fi ń wo egungun ní ọsibítù. Bí o bá wá bi àwọn àgbà tó ń fi yíyẹ ọkọ̀ wò ṣiṣẹ́ jẹ, ohun tí wọ́n máa sọ kò pọ̀: fa ọ̀kan yọ, kí o wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Olówó ọkọ̀ kan á ní bí òun bá tú u, omi lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé níbi tí kò ti wọlé tẹ́lẹ̀. Òmíràn á ní baba tó ta ọkọ̀ fún òun sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn, àmọ́ baba náà kò rántí ọdún. Òmíràn á ní ọkọ̀ ti wà láti ogójì ọdún, kò sì já rí, bí ẹni pé ogójì ọdún nínú omi iyọ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí a fi ń gbe irin lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé kì í ṣe ìdógùn-ún ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Mímọ̀ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Níwọ̀n ìgbà tí o kò bá tíì fa bóòtù yọ, bóòtù rẹ yè, ọkọ̀ rẹ yè, owó rẹ sì wà nínú àpò rẹ. Ọjọ́ tí o bá fà á yọ, o lè pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń fi owó gọbọi ra nǹkan mìíràn sínú ọkọ̀, kí wọ́n má bàa fi owó díẹ̀ ra ìmọ̀ yìí.

Òkun kì í sì í gbọ́ àwáwí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ onígbòkun kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki gbéra ní Antigua, ó ń darí bọ̀ wá sí Southampton, ọkùnrin mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ògbólógbòó ọkọ̀ o. Ọdún 2006 ni wọ́n kàn án. Láàárín agbami Àtìláńtíìkì, wọ́n ránṣẹ́ pé omi ń wọlé; kò pẹ́, a ò gbúròó wọn mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi máa rí ọkọ̀ náà, ó ti dojú dé, kíìlì rẹ̀ ti já lọ, ọkọ̀ rọ́bà tí ó yẹ kí wọ́n sá sí sì wà ní ibi tí wọ́n dì í sí, wọn ò rí àyè tú u. A ò rí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà di òní. Lọ́dún 2015 ni àjọ tó ń wádìí jàǹbá ojú omi ní Britain gbé àbájáde tiwọn jáde, wọ́n ní ọkọ̀ náà ti fara gbálẹ̀ rí, wọ́n sì ti tún un ṣe, pé ó ṣeé ṣe kí ibi tí a so kíìlì mọ́ ti ti ibẹ̀ dẹ̀, pé ó sì tún ṣeé ṣe kí bóòtù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti bàjẹ́. Ó ṣeé ṣe, ni wọ́n wí. Kíìlì ti wà nísàlẹ̀ òkun. Ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ bi í?

Ẹ̀mí a máa yọ nígbà mìíràn, n kò ní parọ́. Tony Bullimore, ará Bristol, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ọmọ Jamaica dá Bamboo Club sílẹ̀ ní 1966, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ọtí ìlú náà kì í fẹ́ fojú rere wo aláwọ̀ dúdú, òun ni kíìlì ọkọ̀ rẹ̀ kán mọ́ lọ́wọ́ lókun gúúsù lọ́hùn-ún ní oṣù Kìíní ọdún 1997. Ọkọ̀ dojú dé, òun wà nínú rẹ̀, nínú òkùnkùn àti omi dídì, fún ọjọ́ bíi mélòó kan, gbogbo ayé sì ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kí ọkọ̀ ogun Australia tó dé, tí wọ́n gbá ara ọkọ̀, tí baba náà sì lúwẹ̀ẹ́ jáde sí wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn púpọ̀. N kò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó gbójú lé e.

Ìròyìn Cheeki Rafiki ló wọlé aládùúgbò mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní ọkọ̀ onígi tí wọ́n kàn ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ arẹwà, kíìlì irin, bóòtù irin, ìdí óákù. Ìyàwó rẹ̀ ló kà á nínú ìwé ìròyìn. Ó ká ìwé náà, ó fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì ọkọ rẹ̀, ó ní òun ò ní gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ títí wọn yóò fi fa bóòtù yọ kí òun fojú ara òun rí i. Ọkùnrin tó ti ń sá fún àwọn ayẹ̀kọ̀wò láti ọjọ́ pípẹ́, kò rí ibi sá fún tìyàwó rẹ̀ gbà.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kéréènì gbé ọkọ̀ kúrò lómi, wọ́n gbé e jókòó lórí ìtì igi, wọ́n fi ọ̀pá tì í lọ́tùn-ún lósì. Àgbà káfíńtà ọkọ̀ kan ló gba iṣẹ́ náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ìsàlẹ̀ ni irú bóòtù bẹ́ẹ̀ máa ń gbà jáde, nítorí náà ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. O ò bá wá wo ọ̀mọ̀wé tó ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ kòtò sábẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, tí àwọn ọmọdé tó ń kọjá ń bi í bóyá ó fẹ́ sin ín ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni epo: epo tó ń wọnú ìpáàrà, wọ́n ń kán an sídìí nọ́ọ̀tù láàárọ̀ lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, láìfọwọ́ kan sípánà. Olùkọ́ ń kánjú, káfíńtà ò kánjú. Àwa Yorùbá ní bí àmúkùrù bá bà léni lẹ́pọ̀n, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa á. Ọkùnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ òwe náà.

Nígbà tó tó àsìkò, ó ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ títí nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ fi ké bí irin ṣe ń ké, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó gbé irin kúkúrú lé orí bóòtù kí òòlù má bàa fọ́ ọ lórí, ó sì ń lù ú pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, kó tó wá fi òòlù ńlá gbá a. Bóòtù bọ́ sínú kòtò. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á: ó yè kooro. Ìdógùn-ún ara rẹ̀ kò ju awọ lọ, lábẹ́ awọ yẹn irin náà le bí ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Ojú olùkọ́ tàn, ó yí sí ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní kí wọ́n fa èkejì.

Nọ́ọ̀tù kejì kò fún wọn ní wàhálà kankan. Ó ń yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó ti ń retí ìpè. Inú olùkọ́ dùn. Ojú káfíńtà ni mo rí tó yí padà. Ó sinmi sípánà, ó fi ìka méjì mú orí bóòtù, ó sì fà á sókè, ó tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ààbọ̀ rẹ̀ ló jáde. Òkè rẹ̀ nípọn bí ó ṣe yẹ, ó ṣeé dì mú dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ ń sún bíi ti gángan, títí dé ibi tó ti já, tí kò nípọn ju ìdí gègé lọ. Ojú ibi tó ti já kì í ṣe ojú tuntun. Dúdú ni, ó ti pẹ́. Gbogbo àkókò tí a ti ń rí orí bóòtù yẹn nínú ikùn ọkọ̀, tó jókòó lábẹ́ nọ́ọ̀tù rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò di ohunkóhun mú. Bẹ́ẹ̀ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní àbùkù, inú igi kan náà, omi kan náà, ọdún kan náà. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Olùkọ́ wá ibi jókòó. Ìyàwó rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn lọ po tíì wá fún gbogbo wa, èyí tó burú ju kó sọ̀rọ̀ lọ.

Wọ́n wá fa gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá yọ ọ̀kan, wọ́n á fi tuntun sí i kí wọ́n tó kan èkejì, kí kíìlì má bàa kúrò láyè rẹ̀. Lórí ohun tí wọ́n máa fi ṣe tuntun, àríyànjiyàn díẹ̀ wáyé. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi sìtéénlẹ́ẹ̀sì ṣe é, ó ń dán, kì í sì í dógùn-ún. Káfíńtà rẹ́rìn-ín. Ó ní sìtéénlẹ́ẹ̀sì dára, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ ló máa ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, tí wọ́n á jọ hun awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo irin náà, awọ tó jẹ́ pé bí nǹkan bá ha á, á tún hù padà. Sé e mọ́ ojú oríkèé, níbi tí omi iyọ̀ ti dúró tí afẹ́fẹ́ kò dé, awọ náà á ṣí, kò ní lè hù mọ́, omi iyọ̀ á sì máa jẹ ẹ́ wọnú lọ ní kọ̀rọ̀, nígbà tí orí rẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀ á ṣì máa dán gbinrin. Irin lásán, ó ní, a máa tu ìpáàrà pupa síta kó fi kìlọ̀ fúnni. Olùkọ́ ní idẹ ńkọ́? Ó ní idẹ ní ti kíìlì òjé. Fi idẹ bọ inú kíìlì irin, kí o rì wọ́n sínú omi iyọ̀, bátìrì lo ṣe yẹn, kíìlì ni yóò sì máa san owó iná. Irin ni wọ́n padà fi ṣe é, tí wọ́n rì bọ inú síǹkì gbígbóná, tí wọ́n wọn gígùn àti ìnípọn rẹ̀ lára àwọn ti àtijọ́. Wọ́n fi gírísì pa á, wọ́n fi òwú tí wọ́n rì sínú ọ̀dà òjé pupa wé e lọ́rùn lábẹ́ wáṣà kí omi má bàa rí ọ̀nà gbà, wọ́n sì ń de nọ́ọ̀tù díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ọkọ̀ padà sómi tí igi rẹ̀ mu omi tó wú, wọ́n tún dè é.

Olùkọ́ náà ò ju ààbọ̀ bóòtù yẹn nù. Ó gbé e lọ sí ilé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó gbé e ka orí káńtà láàárín àwọn ife bíà. Gbogbo wọn ló wá wò ó. Wọ́n gbé e wò bó ṣe wúwo tó, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti sún, wọ́n ń mi orí, ẹnìkan tilẹ̀ ra ọtí fún un bí ẹni ń kí i kú ewu. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní bóòtù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń rìn lọ létí omi, òòlù kékeré ni mò ń gbọ́, kó, kó, kó, láti inú ọkọ̀ kan dé òmíràn. Mo dúró de ọ̀kan nínú wọn tó yọrí síta, mo bi í bó ṣe rí. Ó ní gbogbo tòun ló dún gooro. Mo bi í bóyá yóò fa ẹyọ kan yọ nígbà òtútù tó ń bọ̀. Ó ní òun ti rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbòkun tuntun ni owó ọdún yẹn bá lọ, aláwọ̀ pupa ni, ó ní kí n gòkè wá bá òun wò ó.